Báàjì Ìmàdò Kan ní Bosworth

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ti ẹ̀yìn odi.

Láti Leicester níbi tí mò ń gbé, mo wọkọ̀ lọ sí Bosworth lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Ọba Richard Kẹta lójú ogun ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1485. Ẹni ọdún 32 péré ni. Látìgbà náà, ọba Gẹ̀ẹ́sì kankan ò tún kú sójú ogun mọ́.

Orí òkè Ambion ni ilé ìrántí náà wà, torí ibẹ̀ ni wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ pé ogun ti jà. Àfìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin wọ inú oko àwọn àgbẹ̀, tí ọta ìbọn ńlá ńlá ń jáde nílẹ̀ níbi tó jìn sókè náà tó kìlómítà mẹ́ta. Wọn ò fi bò. Wọ́n ń sọ ọ́ fún àlejò gbangba, inú mi sì dùn sí i.

Ohun tó dá mi dúró wà nínú àpótí gíláàsì: báàjì fàdákà tí wọ́n fi wúrà kùn, tó ya ìmàdò, kò ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Ìmàdò funfun ni àmì Richard. Ẹni tó bá so ti fàdákà mọ́ àyà, èèyàn ọba gidi ni. Ẹ̀bá irà ni wọ́n ti rí i, bẹ́ẹ̀ ìtàn sì sọ pé inú irà ni ẹṣin ọba rì sí.

William Stanley, ìjòyè kan, kó ọmọ ogun tirẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà, ó ń wòran. Ìgbà tí Richard kọjú sí Henry Tudor, ẹni tó ń bá a du adé, ni Stanley tó já lu Richard. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Henry ti di ọba.

Abọ́bakú ló wá sí mi lọ́kàn. Ti wa láyé àtijọ́ mọ̀ látọjọ́ tó ti joyè pé ọjọ́ ikú ọba ni tòun. Oníbáàjì yìí lè sá. Bóyá ó tiẹ̀ sá, àmọ́ ọkàn mi gbà pé ó dúró ti olúwa rẹ̀.

Lọ́dún 2012, wọ́n hú egungun Richard níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ní Leicester. Wọ́n sin ín tìlù-tìfọn sí kàtídírà lọ́dún 2015. Mo máa ń gba iwájú ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Oníbáàjì ò ní sàréè, kò lórúkọ.

Mo tẹ̀ mọ́ gíláàsì náà títí èémí mi fi bò ó. Mo fi apá aṣọ nù ún, mo sì rọra kí i pé, “Bàbá, ẹ kú ìdúró o.”