Ọmọ Kan Ṣoṣo Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́: Ọ̀rọ̀ Fún Olùkọ́ Tó Fẹ́ Gbé Iṣẹ́ Rẹ̀ Lọ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn olùkọ́ ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí nílùú Ìbàdàn. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ibi tí aago ti lé mi, ibẹ̀ náà ni mo ti sáré, mi ò sì padà lọ nà án.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́. Alága, mo dúpẹ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe nígbà tá a bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe òwò. Mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú ìwé ọwọ́ mi yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ló bí àwọn tó kù: a máa ń di ẹrù ọjà kalẹ̀ tán ká tó mọ ẹni tó fẹ́ rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lóṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti iléèwé pa nítorí kòrónà, owó oṣù dúró níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rò ó pé èdè Yorùbá ni mo mọ̀ ọ́n kọ́ jù, mo sì ti fi ọdún 11 kọ́ ọ. Kí ló dé tí mi ò fi ní kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó? Èrò yẹn dáa. Bí mo ṣe gbé e ni kò dáa. Mo ra iná roboto tí wọ́n fi ń ya fídíò. Mo sanwó fún ẹnì kan kó bá mi ṣe ìkànnì. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá, mo pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa wọ inú ohùn mi, òógùn ń já bọ́ sórí ìwé, mo sì ya fídíò 36: álífábẹ́ẹ̀tì, ohùn, sílébù, ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe, títí dórí àrànmọ́ àti ìpàrójẹ, ìyẹn bí ìró ṣe ń fara jọ ara wọn àti bó ṣe ń pòórá. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà mí. Mo gbé e síta. Ẹnikẹ́ni ò rà á.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí. Iṣẹ́ ìdánwò WAEC ni mo kó sínú fídíò wọ̀nyẹn, nítorí òun ni ọwọ́ mi ti mọ́. Ọmọ tó ń gbé ní London kò fẹ́ jókòó ṣe WAEC. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn? Kámẹ́rà ni.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìyá kan tó ń gbé ní Peckham, ní London lọ́hùn-ún, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò bèèrè fídíò rárá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. Tí màmá mi bá pè láti Òṣogbo, ṣe ló máa ń sá lọ sókè. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é kó lè bá màmá mi sọ̀rọ̀.”

Ẹ tẹ́tí sí ohun tí ìyá yìí sọ. Kò ní òun fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ gírámà. Ó ní kí ọmọ náà lè bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Mo ní fídíò 36 nílẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè ṣe é.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: A, B, D, E, Ẹ. Lẹ́tà 25. Kí n tó dé GB, àga ló kù tí mò ń wò lójú fóònù. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń pè é, tó tún ń bẹ̀ mí. Ní kíláàsì mi níbí, bí ọmọ bá fẹ́ dìde, ojú lásán ni mo máa fi wò ó tí á fi padà jókòó. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lójú fóònù tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ojú tí mo fi ń darí ọmọ 40 kò ran ọmọ kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé álífábẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ó sáré lọ sí kíṣìnnì, ó gbé àwo wá síwájú kámẹ́rà, ó sì pe dòdò bí òyìnbó ṣe máa ń pè é. Mo ní rárá, màmá àgbà ò ní mọ ohun tó ò ń sọ. Fà á wálẹ̀: dò, dò. Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀ kan síwájú: tí ohùn bá lọ sílẹ̀, kí ọwọ́ náà kan tábìlì, tó bá lọ sókè, kó gbé e dé iwájú orí. A wá fi ọwọ́ yẹn pe “ìyá àgbà”. Ọwọ́ kan tábìlì, ó gòkè, ó tún kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò rántí pé ẹ̀kọ́ là ń ṣe. Èmi náà, nínú ọdún 11, mi ò fi ọwọ́ kọ́ ọmọ ní àmì ohùn rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, màmá àgbà pè láti Òṣogbo. Ọmọ náà ò sá. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Mo jẹ dòdò.” Gbólóhùn mẹ́ta péré. Màmá àgbà bú sẹ́kún. Ìyá ọmọ ti fi fóònù mìíràn ya á, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí oṣù yẹn sì tó parí, ọmọ mẹ́rin mìíràn ti dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò san kọ́bọ̀ fún ìpolówó.

Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá pè mí sí pé ọmọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́, lójúkojú, kẹ́ ẹ tó ya fídíò, kẹ́ ẹ tó ra iná, kẹ́ ẹ tó sanwó ìkànnì. Ọmọ yẹn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa tà fún yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ òdìkejì rẹ̀. Wọ́n ń ta kọ́ọ̀sì fún olùkọ́ lórí bí olùkọ́ ṣe máa ta kọ́ọ̀sì. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ya fídíò lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa sùn, kí owó máa wọlé. Ẹ bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n ti kọ́ rí. Owó táṣẹ́rẹ́ tí olùkọ́ tù jọ láti inú owó oṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí mi sí wọn, mi ò ní fi bò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé olùkọ́ni ò ṣàjèjì sí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ la sábà máa ń sọ, pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa. A kì í sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Wọn ò kó gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá lé ara wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan, St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Yunifásítì ló ń ṣe é o, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ àti àwọn onímọ̀, síbẹ̀ ibi kékeré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kejì. A máa ń gbé kíláàsì wa lódindi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa la mọ “ẹ pè é tẹ̀lé mi”. Ọmọ 40 á jọ pariwo, inú wa á dùn. Kò ṣeé ṣe lórí Zoom. Ohùn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọmọ kan á ṣáájú, ti èkejì á tẹ̀lé, ẹ̀rọ á sì gbé ohùn ẹnì kan lékè àwọn tó kù. Ẹ ò ní mọ ẹni tó pè é dáadáa. Ẹ dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó pè é lóun nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ mẹ́fà ti pọ̀ tó nínú kíláàsì èdè kan. Àwọn olùkọ́ máa ń ráhùn sí mi pé Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní ìṣẹ́jú 40. Ẹ má ráhùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ṣe iléèwé òyìnbó láti àárọ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú 30 nínú mọ́.

Àṣìṣe kẹta, aago. Mo pàdánù ìdílé kan lórí èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Aago tiwa kì í yí, tiwọn ń yí. Lásìkò òtútù, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ní London ni aago 5 níbí. Tó bá di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, wọ́n á ti tiwọn síwájú, aago wa á bá tiwọn dọ́gba. Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá a padà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tiwọn síwájú lóṣù kẹta, mo wọ kíláàsì ní aago 5 bí mo ṣe ń ṣe, láìmọ̀ pé àwọn òbí ti jókòó dè mí láti aago 4. Bàbá kan ní bí mi ò bá mọ aago ibi tí ọmọ òun wà, báwo ni mo ṣe máa mọ ọmọ òun? Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀: Sunday kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń tì í síwájú, wọ́n á dá a padà ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Wákàtí 7 la fi ṣíwájú Houston lásìkò òtútù, 6 lásìkò ooru. Aago òbí ni kẹ́ ẹ fi kọ àdéhùn.

Alága ti na ìwé sí mi pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n sáré. Iná àti dátà: ẹ ní símù méjì tí iléeṣẹ́ wọn yàtọ̀, kẹ́ ẹ sì ṣírò dátà mọ́ owó iṣẹ́, nítorí láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti gbà káwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, ìṣirò àtijọ́ ò bá a mu mọ́. Orúkọ òwò: ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ti ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó. Ààbò ọmọ: kí òbí wà níbi tó ti ń gbọ́ yín ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ya ọmọ láìgba àṣẹ, ẹ má sì gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ sórí Facebook láti fi polówó. Láti 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà. Àwọn tó kù…

Ibí yìí ni ìyá kan ti dìde lẹ́yìn. “Ẹ má bínú, sà. Ẹ ní ká fi ọmọ kan bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan náà ni mo ní láti ọdún kan ààbọ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ọ, Àbújá ló wà. Ṣé kí n jáwọ́ ni?”

Mo ká ìwé ọwọ́ mi. Mo ní, “Ẹ má jáwọ́, mà. Kí ni ọmọ náà lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀?”

Ó ní nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ọ̀dọ̀ òun, tó bá ti rí ìdá tí nọ́ńbà wà lórí nọ́ńbà, ṣe ló máa ń ju bírò sílẹ̀. Ní báyìí, ọmọ náà ló ń kọ́ àbúrò ara rẹ̀.

“Ṣé bàbá rẹ̀ mọ̀?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó ń sanwó, sà. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀.”

“Èló ló ń san?”

“Mo ní kó máa san ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.”

Kẹ́kẹ́ pa. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yàrá náà ló ń wo ilẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe. Ó yé mi. Wọ́n ti sọ fún olùkọ́ láti kékeré pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà, ojú wá ń tì wá láti dárúkọ owó. Èmi náà, nígbà tí ìyá Peckham bi mí ní iye, iye tí wọ́n ń san fún olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ nílé ní Bódìjà níbí ni mo pè. Kò ká dátà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà wọ oṣù kejì, mo ti ń wá àwáwí tí màá fi pa ọjọ́ ẹ̀kọ́ jẹ. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ní ọ̀fẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ já sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín. Ẹ pe iye kan pàtó, ẹ gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, mo sì sọ ọ́ fún un níṣojú gbogbo èèyàn. Mo ti ń sọ “ọmọ kan” láti ọdún mélòó kan, mi ò sì sọ èyí tó kù. Ìyá Peckham rí ọmọ rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀, ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Bàbá Àbújá ò tíì rí nǹkan kan. Ọmọ ń mọ̀ ọ́n nínú yàrá, òbí ń fi owó ránṣẹ́ láti pálọ̀. Báwo ni ẹni tí kò rí nǹkan ṣe máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn? Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ pe òbí wá jókòó. Kí olùkọ́ má sọ̀rọ̀. Kí ọmọ ṣe é níṣojú rẹ̀.

Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ jáde. Gbogbo wa la jọ kọ ọ́, ó sì kà á sókè: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó ti ọmọ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ẹ̀kọ́ wa ọ̀la. Ó ní nǹkan tó fẹ́ fi hàn yín. Lẹ́yìn náà, màá fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí owó sáà tó ń bọ̀.” Ẹnì kan ní kó yọ ọ̀rọ̀ owó kúrò. Ó mi orí, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

À ń múra àdúrà ìparí lọ́wọ́ nígbà tó na fóònù náà sókè láti ẹ̀yìn. Bàbá ọmọ ti fèsì: “Aago mélòó?”