Àwọn Tó Kù Nínú Ogún Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sọ ní Ọ̀fà nìyí. Mo ti yọ ìkíni kúrò, àmọ́ mi ò yọ àwàdà.

Ẹ̀yin àgbà, mo rí àwọn tó bá mi jiyàn lọ́jọ́sí lórí òwe ogún ọmọdé, iwájú gan-an ni wọ́n jókòó sí. Mi ò tíì yí ohùn padà o. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún: òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó lọ nìkan ni òwe yẹn ń kà. Àwọn méjì mẹ́ta tó kù ńkọ́? Àwọn ni mo bá wá. Kì í ṣe ìfẹ́ ló so irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ di ọjọ́ alẹ́. Gbèsè ni.

Ẹ rántí Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà yẹn, ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kẹ́rù rẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn fún ará Ọ̀fà, ẹ̀yin lẹ bí àwọn tó wà ní Kumasi àti Tamale. (Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Sekondi ńkọ́?" Sekondi náà, ẹ má bínú.) Ọjà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, owó wà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ bàbá kan tó ń ta pááàtì kẹ̀kẹ́ ní Tamale. Ọwọ́ òfìfo ló fi délé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ dé fún un ní yàrá kan àti owó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí i, òun ló rán ọmọ ọ̀rẹ́ náà níwèé. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba Nàìjíríà, dé ní 1986 tí nǹkan le, ó tún kan ẹnìkejì. Ohun tó wù mí jù ni pé wọn kì í san án tán. Bí ọ̀kan bá fẹ́ san án kanlẹ̀, èkejì á sáré tún yá a ní nǹkan míì. Wọ́n ń bú ara wọn lórí ìṣirò yẹn títí wọ́n fi ń lo ọ̀pá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní Ìlọrin ní mo ń gbé ọ̀rẹ́ lọ sọ́jà, pé ibi tí owó bá ti wọ̀, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́. Ó dáa. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ́, ta ló yá a lówó? Kò tíì san án. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣì ń ríra.

Alága ti ń na aago sí mi. Kíá: olùwádìí kan, Holt-Lunstad, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 148 jọ ní 2010, ó lé ní 300,000 èèyàn, àǹfààní àtiwà láàyè àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú èèyàn lágbára fi nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 ju ti àwọn tí tiwọn kò lágbára lọ. Ti àáró, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bára wọn ṣiṣẹ́ oko ní àyípo, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ni màmá kan bá dìde. "Tíṣà, a gbọ́. Àwa márùn-ún la jọ ń dá èsúsú. Èmi nìkan ló kù. Ta ni kí n wá jẹ ní gbèsè?"

Mo ká ìwé mi. Mo ní àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ńkọ́?

"Èkó ni wọ́n wà, wọ́n ń fowó ránṣẹ́. Ṣé àwọn ló máa bá mi bú ìyá wọn? Ta ló tún mọ̀ mí nígbà tí mo lẹ́wà?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, èmi ò rí èsì. Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Owódé ló gbà mí. Ó ní kí Màmá wá bá àwọn dá tiwọn.

"Bí mo bá kó tán tí mo kú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa kó gbẹ̀yìn, Màmá. Ẹ ò gbọdọ̀ kú kó tó kàn yín."

Màmá ní òun ò gba ìkẹyìn, kí wọ́n fi òun sáàárín. Wọ́n ṣì ń ná an lọ́wọ́ nígbà tí alága gba makirofóònù lọ́wọ́ mi.