Ọmọdé kan nílé Ikú: ohun tí Yama sọ fún Nachiketas nípa ẹ̀mí

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Àkọlé tí wọ́n fún mi, "Ikú àti ẹ̀mí nínú ìwé mímọ́ àwọn Híńdù", fẹ̀ ju ohun tí a lè sọ tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Veda, ìwé mímọ́ wọn tó dàgbà jù lọ, nìkan pé mẹ́rin: orin ìyìn wà níbẹ̀, ètò ẹbọ wà níbẹ̀, àlàyé lórí ẹbọ náà wà níbẹ̀, kí a tó kan Upanishad tó gbẹ̀yìn, níbi tí àwọn àgbà ti ń bi ara wọn léèrè ohun tí ẹbọ kò lè dáhùn. Ọ̀kan péré ni mo mú wá lónìí, Katha Upanishad, tó jẹ́ ti Yajurveda Dúdú, ẹ̀yà kan nínú ọ̀kan lára Veda mẹ́rin yẹn. Orí méjì ni, apá mẹ́ta mẹ́ta ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jókòó tì í lè kà á tán kí ẹ̀wà tó jinná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ onílé. Nínú Rigveda, ọ̀kan lára Veda mẹ́rin yẹn, tó dàgbà ju Upanishad lọ dáadáa, Yama, tí í ṣe Ikú, ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ọ̀nà tí àwọn òkú ń tọ̀. Ajá méjì olójú mẹ́rin mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ̀nà náà fún un. Orin kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí Agni, òrìṣà iná, nígbà tí wọ́n bá ń sun òkú: kí ojú olóògbé lọ bá oòrùn, kí èémí rẹ̀ lọ bá afẹ́fẹ́. Ara á tú ká, olóògbé á sì lọ bá àwọn bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn ayé ìgbà náà gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé Katha, ọkàn kò balẹ̀ mọ́.

Ìtàn Katha rèé. Ọkùnrin kan, Vajashravasa, ń ṣe ẹbọ kan tí ó gbọ́dọ̀ fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ tọrẹ. Màlúù ló ń fi tọrẹ, ṣùgbọ́n ìwé náà kò bo irú màlúù tí wọ́n jẹ́: èyí tó ti mu omi ìkẹyìn, tó ti jẹ koríko ìkẹyìn, tí wàrà ti gbẹ lọ́mú rẹ̀, tí kò lè bímọ mọ́. Nachiketas, ọmọ rẹ̀, ń wo gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ta ni ẹ máa fi èmi fún?" Bàbá dákẹ́. Ó tún béèrè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú bí bàbá: "Ikú ni mo fi ọ́ fún!" Irú ọ̀rọ̀ tí òbí ń sọ nínú ìbínú ni. Ọmọ yìí gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì lọ.

Kò bá Yama nílé. Òru mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ láìjẹun. Yama dé, ẹ̀rù sì ba Ikú fúnra rẹ̀, nítorí ìdílé àwọn àlùfáà Brahmin ni àlejò yìí ti wá, àlejò tí ebi pa nínú ilé sì máa ń kó ire onílé lọ, àtọmọ àtẹran ọ̀sìn. Ó bẹ ọmọ náà, ó ní kí ó tọrọ ohun mẹ́ta, ọ̀kan fún òru kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sáré kọjá ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ kí wọ́n lè tètè dé ìkẹta. Mi ò ní bá wọn sáré. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi fún ikú, tí ikú wá ní kí ó tọrọ ohun tó wù ú, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé kí inú bàbá òun rọ̀, kí ó dá òun mọ̀ nígbà tí òun bá padà, kí ó sì kí òun káàbọ̀. Yama ní ó ti rí i gbà, bàbá á máa sùn dáadáa lóru. Lójú tèmi, ẹni tó to ìtàn yìí mọ ohun tó ń ṣe: ó kọ́kọ́ parí ìjà ilé kó tó sọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni ẹbọ iná tó ń gbéni dé ọ̀run. Yama kọ́ ọ, ó sì fi orúkọ ọmọ náà pe iná yẹn.

Ìkẹta ló le. "Nígbà tí èèyàn bá kú, àwọn kan ní ó ṣì wà, àwọn kan ní kò sí mọ́. Ẹ kọ́ mi ní èyí." Ẹ fara balẹ̀ síbí. Nachiketas ti gbà pé ọ̀run wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì bá ti béèrè ẹbọ iná. Nítorí náà, ibi tí òkú ń lọ kọ́ ló ń dà á láàmú. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹnì kan tilẹ̀ wà nínú wa tí ikú kì í kàn.

Yama yẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn òrìṣà àtijọ́ pàápàá ṣiyèméjì lórí rẹ̀. Ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí yóò lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ̀ ọ́, ó fi erin, wúrà, ilẹ̀, àti àwọn arẹwà obìnrin pẹ̀lú orin lọ̀ ọ́. Ọmọ náà ní gbogbo èyí ń rẹ agbára èèyàn ni, ẹ̀mí tó gùn jù lọ pàápàá kúkurú ni: "Ẹ máa mú ẹṣin yín, ẹ máa gbé ijó àti orin yín." Ìgbà náà ni Yama tó mọ̀ pé ẹni tó tó bá sọ̀rọ̀ ló wà níwájú òun.

Ìdáhùn rẹ̀ rèé, ní ṣókí: ẹni tó ń gbé inú ara, tí wọ́n ń pè ní atman, kò ní ọjọ́ ìbí, kì í sì í kú. A kì í pa á nígbà tí a bá pa ara. Ó kéré ju ohun tó kéré jù lọ, ó tóbi ju ohun tó tóbi jù lọ, inú ọkàn ẹ̀dá ló fara pamọ́ sí. Yama wá fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣàlàyé: ara ni kẹ̀kẹ́, ojú, etí àti ìyókù wọn ni ẹṣin, èrò ni ìjánu, òye ni ẹni tó ń darí, atman ni ọ̀gá tó jókòó sínú rẹ̀. Tí kẹ̀kẹ́ bá fọ́, ẹ má wá ọ̀gá láàárín ìfọ́kù.

Ọ̀rọ̀ pé a kì í pa á yìí tún jáde nínú orí kejì Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ Híńdù mìíràn, níbi tí òrìṣà Krishna ti ń sọ ọ́ fún jagunjagun Arjuna lójú ogun Kurukshetra. Níbí ni ara mi kì í ti í lélẹ̀. Nílé Yama, ọmọdé tí kò gbé ohun ìjà ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ní Kurukshetra, jagunjagun tí kò fẹ́ pa àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń fi rọ̀ láti jà. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ Híńdù ti ṣàlàyé rẹ̀ lóríṣiríṣi, Gandhi sì ka ogun náà sí ìjà inú ọkàn èèyàn. Síbẹ̀, ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ àti etí tó gbọ́ ọ ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan nawọ́ nígbà tí a dé ibí: ṣé bí Babátúndé àti Yétúndé tiwa náà nìyẹn? Rárá. Ẹbí ni Babátúndé ń padà sí, inú ilé sì ń dùn pé ó dé. Yama ní àwọn kan ń wọ inú oyún lọ, àwọn mìíràn ń lọ di ohun tí kì í rìn, bí igi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àti ìmọ̀ wọn ṣe rí. Kò dárúkọ ẹbí. Kò sì ka ìpadàbọ̀ náà sí ayọ̀: ẹni tí kò mọ atman, láti inú ikú kan ló ń bọ́ sínú ikú mìíràn. Kí èèyàn bọ́ lọ́wọ́ ìpadàbọ̀ ni wọ́n ń wá. Nínú Brihadaranyaka, Upanishad mìíràn, Artabhaga béèrè lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n Yajnavalkya ibi tí èèyàn ń wà nígbà tí ara bá ti tú ká. Yajnavalkya fà á lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti àárín èrò. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ìṣe ọwọ́ èèyàn ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹlòmíràn béèrè bóyá gbogbo Híńdù ló gbà bákan náà. Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Shankara, onímọ̀ Híńdù àtijọ́ kan, ní atman àti Brahman, orísun ohun gbogbo, ọ̀kan náà ni wọ́n. Madhva, onímọ̀ mìíràn tó gbé ayé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní wọn kì í ṣe ọ̀kan, wọn kò sì ní di ọ̀kan láéláé. Àwọn méjèèjì ló kọ àlàyé lórí Katha, ẹnu Yama kan náà ni kálukú wọn sì ní òun ti gbọ́ tòun.