Ọkùnrin Inú Súwẹ́tà: Kí Ló Ń Wò Lọ́ọ̀ọ́kán?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ilé ìkàwé kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nìyí. Mo ti gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ olùgbọ́ kan tó yí tèmi padà sílẹ̀ bó ṣe wáyé gan-an.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú kí ẹ lè rí bébà ìlànà súwẹ́tà híhun àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, àti fọ́tò iwájú rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà onígi ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti fi òróró pa irun wọn, ó ń dán. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé igi ọgbà, ó di ìkòkò tábà mú lẹ́bàá àgbọ̀n rẹ̀, kò sì sí iná nínú ìkòkò náà. Èkejì na ìka sí ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó rí màlúù tó já. Súwẹ́tà kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, kò sì sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n wà.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ọjọ́ pẹ́ tí èmi náà ti ń ra irú bébà yìí nínú àpótí àwọn tó ń ta àlòkù, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ mú mi dúró níwájú wọn. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí ni pé: ta ni wọ́n ya fọ́tò yìí fún?

Bébà kan tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ni. Fọ́tò wà níwájú, ìlànà bí èèyàn ṣe máa hun súwẹ́tà náà wà nínú. Àwọn tó ń ta òwú ló ń tẹ̀ ẹ́. Baldwin ti Halifax àti Paton ti Alloa, tí wọ́n da òwò wọn pọ̀ ní 1920, wà lára wọn. Pẹ́nì mélòó kan ni wọ́n ń tà á nígbà náà, torí ara òwú ni èrè wọn wà. Wọ́n á sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ẹ bá lo òwú ẹlòmíràn, aṣọ yín lè má rí bíi tinú fọ́tò.

Ta wá ló ń rà á? Ìyàwó ni, ìyá ni, àfẹ́sọ́nà ni. Òun ló dúró ní ìsọ̀ olówùú, tó ń yẹ bébà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń rò ó bóyá ọkùnrin ilé rẹ̀ yẹ fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ náà. Ká ní àyà ọkùnrin jẹ́ ínṣì 40. Bí ojú mẹ́fà, ìyẹn ìkọ́ òwú tí abẹ́rẹ́ ń hun, bá wà nínú ínṣì kan, ojú 240 ló máa yí i ká. Láti ìgbátí dé abíyá, ká pè é ní ínṣì 15. Ìlà mẹ́jọ nínú ínṣì kan, ìlà 120 nìyẹn. Ojú 28,800! A ò tíì dé èjìká o. A ò tíì fọwọ́ kan apá.

Obìnrin tó fẹ́ ṣe gbogbo èyí gbọ́dọ̀ rí aṣọ náà kedere. Ibẹ̀ ni ìdúró wọn ti wá. Bí ọkùnrin yìí bá ká ọwọ́ lé àyà, ó ti bo àrà tó wà níwájú aṣọ. Bó bá sọ ọwọ́ sínú àpò, ẹnu apá aṣọ ti wọmi. Nítorí náà, wọ́n fún un ní ìkòkò tábà. Ìgbọ̀nwọ́ á ká, ẹnu apá á kọjú sí wa, àyà á ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé sórí igi fi ìgbátí hàn bó ṣe rọ̀ mọ́ ìbàdí. Èyí tó na ìka ń jẹ́ ká rí apá aṣọ láti òkè dé ilẹ̀. Ojú tó gbé sí ọ̀nà jíjìn ló yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀ tí kọ́là fi hàn.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn ayafọ́tò ìgbà yẹn kò mọṣẹ́. Kí wọ́n lọ mú abẹ́rẹ́ No. 10, kí wọ́n hun ẹnu apá kan parí, kí wọ́n tó tún sọ ọ́. (Nọ́ńbà abẹ́rẹ́ àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ínrín sí i: No. 8 jẹ́ mìlímítà 4, No. 14 jẹ́ mìlímítà 2.)

Àwa tó yẹ kó tètè yé nìyí. Ẹ rántí fọ́tò àwọn bàbá wa ní ilé ayafọ́tò: wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, agbádá bo àga mọ́lẹ̀, ojú wọn le koko. A kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ kí aṣọ lè hàn. Bàbá àti ọmọkùnrin rẹ̀ nínú súwẹ́tà kan náà, èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni à ń pe ìyẹn nílé? Àǹkóò ni. Owó gidi là ń san lé e lórí.

Roger Moore, òṣèré fíìmù, náà dúró báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó pẹ́ kó tó di James Bond ní 1973, iṣẹ́ súwẹ́tà wíwọ̀ fún fọ́tò wà lára ohun tó fi ń jẹun, débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní "The Big Knit", ìyẹn Aṣọ Híhun Ńlá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò yẹn. Ó dúró bí ẹni tó mọ̀ pé aṣọ ni ọ̀gá, òun sì ni ó gbé e dání.

Ibí yìí ni màmá kan ní ìlà kẹta ti nawọ́. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kọ́ wọn ní aṣọ híhun, fìlà àti súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ dáadáa. Àmọ́ ọwọ́ tó o ní ó ń fi aṣọ hàn yẹn, èmi rí i pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Wo abíyá ẹni tó na ìka. Jẹ́ kó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, kó o wá rí bí aṣọ ṣe máa ká jọ síbẹ̀. Wọn ò gé abíyá yẹn re."

Mo gbé bébà náà sún mọ́ ojú mi. Òótọ́ ni. Lábẹ́ apá tó nà yẹn, aṣọ ti pọ̀ jù, ó sì rọ̀ sílẹ̀ bí àpò. Mo ti ní bébà yìí fún ọdún mélòó, n kò rí i rí. Mo tú àwọn yòókù tó wà lórí tábìlì wò: ẹni tó di igi gọ́ọ̀fù, ẹni tó gbé awò tó ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, ẹni tó di ẹ̀ka igi mú lókè orí. Apá òkè, apá òkè!

Nítorí náà, mo ní láti tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ayafọ́tò mọṣẹ́ jù bí mo ṣe rò lọ, olówùú ló sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ń fi ojú rere aṣọ hàn, ó ń gbé àléébù rẹ̀ sá. Obìnrin tó ń rà á mọ èyí, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń mọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò kó tó sanwó.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa Edward, ọmọ ọba, tó wọ súwẹ́tà aláràbarà, irú ti erékùṣù Fair Isle ní Scotland, lọ gbá gọ́ọ̀fù ní ìlú St Andrews ní 1922, tí àwọn ọkùnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fò ó. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì nìkan ni mi ò lè fò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1941, wọ́n ń fi kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé ìpín tí ìjọba ń fún èèyàn, ra aṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 66 fún àgbàlagbà ní ọdún àkọ́kọ́, òwú ìhunṣọ náà sì gba kúpọ́ọ̀nù, títí di 1949. Àwọn obìnrin ń tú súwẹ́tà àtijọ́ láti tún un hun. Ọkùnrin inú fọ́tò wá di ológun: ìbòrí tó bo etí àti ọrùn, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ìbọ̀wọ́ tó dá ìka ìyìnbọn sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó hun wọ́n kò mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Mi ò lè fi àwọn yẹn rẹ́rìn-ín rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí púpọ̀ sí i, kó lọ sí Winchester, ní ilé ìkàwé Yunifásítì Southampton. Ibẹ̀ ni ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù Richard Rutt kó jọ wà. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Leicester nígbà ayé rẹ̀, ó mọ aṣọ hun, ó sì kọ ìwé ìtàn aṣọ híhun jáde ní 1987.

Nígbà tí a parí, màmá yẹn wá síwájú, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bébà náà. Wọn ò wo àwọn ọkùnrin méjèèjì mọ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka tọ àwọn ìlà inú rẹ̀, ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń ka ojú. Wọ́n yọ fóònù, ìlànà inú rẹ̀ ni wọ́n yà. Wọ́n ní ọkọ ọmọ àwọn ni àwọn máa hun ún fún kí òtútù tó dé, pé àwọn á dín abíyá rẹ̀ kù ní ínṣì kan.