Ohka: Bọ́ǹbù Tó Gbé Ènìyàn Sínú

Ẹ wo fídíò tó wà lójú yín yìí dáadáa. Kò ní ohùn, dúdú òun funfun ni, kò sì pẹ́ rárá. Ara bàálù ogun Amẹ́ríkà kan ni kámẹ́rà tó yà á wà: bí awakọ̀ bá ti tẹ ìbọn, kámẹ́rà á máa yàwòrán. Bàálù ńlá tẹ́ ẹ rí níwájú yẹn, ti Jàpáànì ni, ó ń wá ọ̀nà àtisá. Ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan kékeré kan tó ní apá kúkúrú méjì, tó rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ àdán ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀? Ọ̀rọ̀ nǹkan kékeré yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n ya fídíò yìí. Kò pẹ́ sí i tí bàálù ńlá náà fi gbiná.

Ohka ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Jàpáànì, òdòdó igi ṣẹ́rì nìyẹn, òdòdó tó máa ń tanná fún ọjọ́ díẹ̀ tí á sì rẹ̀ dànù. Àwọn sójà Amẹ́ríkà ò pè é bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n gba pápákọ̀ òfuurufú Yontan ní Okinawa, erékùṣù Jàpáànì kan, ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, wọ́n bá a níbẹ̀ lódindi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, wọ́n wá sọ ọ́ ní Baka. Èdè Jàpáànì náà ni. Òmùgọ̀ ló túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà. Láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, mítà márùn-ún lé díẹ̀. Pákó ni wọ́n fi ṣe apá náà. Imú rẹ̀ ni bọ́ǹbù wà, 1,200 kílò, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò ju 2,140 kílò lọ. Ẹ ò rí i pé ohun tó fẹ́ bú gbàù ló ju ìlàjì bàálù náà lọ. Ẹ̀yìn bọ́ǹbù ni àga ènìyàn kan ṣoṣo wà. Ní ìdí pátápátá ni rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í jó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Iwájú awakọ̀ ò ní ju aago mélòó kan: èyí tó ń sọ bó ṣe ga tó, èyí tó ń sọ eré tó ń sá, kọ́ńpáàsì, àti ohun tí á fi tan rọ́kẹ́ẹ̀tì. Táyà ńkọ́? Kò sí. Kò sí ohunkóhun tí wọ́n ṣe sí i lára tó lè fi balẹ̀.

Ohka kì í dá gbéra nílẹ̀. Bàálù ńlá kan tó ń jẹ́ G4M, tí Amẹ́ríkà ń pè ní Betty, ló máa ń gbé e lọ. Lójú ọ̀nà, inú Betty ni awakọ̀ Ohka máa ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn méje tàbí mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ọkọ̀ ọ̀tá, á bọ́ sínú ihò tó wà ní ikùn Betty, á rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú tiẹ̀, á sì di gíláàsì lérí. Wọ́n á wá já a sílẹ̀ láti òkè, nǹkan bíi 6,000 mítà. Á kọ́kọ́ máa rà bàbà bí àwòdì tí kò ju apá, lẹ́yìn náà á tan rọ́kẹ́ẹ̀tì, á dorí kodò. Eré rẹ̀ lásìkò yẹn ju 900 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Kò sí bàálù Amẹ́ríkà kankan lórí Òkun Pàsífíìkì tó lè lé e bá nígbà náà, àwọn tó wà nídìí ìbọn nínú ọkọ̀ ojú omi pàápàá, kí wọ́n tó fojú mú un, ó ti dé.

Ta ló ro irú nǹkan báyìí? Ká padà sí ọdún 1944. Ní oṣù Kẹfà, lágbègbè erékùṣù Mariana, àwọn ọmọ ogun ojú omi Jàpáànì pàdánù ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàálù láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn awakọ̀ tó gbówọ́ ti kú tán, àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀gágun kékeré kan tó ń jẹ́ Shoichi Ota gbé àbá kan lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí bàálù fáwọn ọmọ ogun ojú omi ní Yokosuka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: Ota kì í ṣe awakọ̀. Inú bàálù tó ń kó ẹrù ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tiẹ̀ sì ni kó máa wo máàpù kó máa júwe ọ̀nà.

Ohun tó ń dun gbogbo wọn nígbà náà ni pé bọ́ǹbù téèyàn bá jù láti òkè kì í sábà bá ọkọ̀ tó ń rìn. Jámánì ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943, bọ́ǹbù tí wọ́n ń fi rédíò darí láti inú bàálù ni wọ́n fi ri ọkọ̀ ogun Ítálì tó ń jẹ́ Roma. Jàpáànì náà ń gbìyànjú irú rẹ̀, àmọ́ tiwọn ò tíì já geere. Àbá Ota rọrùn: ẹ yé wá rédíò kiri, ẹ fi ènìyàn sínú bọ́ǹbù, ojú rẹ̀ ni kó fi darí rẹ̀.

Ẹnjiníà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ni Tadanao Miki. Inú bí i. Ó bèèrè lọ́wọ́ Ota pé ta ni yóò gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ota ní òun fúnra òun ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn ọ̀gá lókè, Miki ò sì rí i kọ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ní èyí tó ṣeé dán wò.

Ẹ wo àkókò yẹn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1944 ni gbogbo ọ̀rọ̀ Kamikaze bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn awakọ̀ Jàpáànì kan fi bàálù ara wọn kọlu ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní Leyte, ní Philippines, bíi pé ìbínú ogun ló kàn gbé wọn lójijì. Ohka já irọ́ yẹn. Ó ti pé oṣù méjì ṣáájú Leyte tí àwọn kan ti jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsù, tí wọ́n ń wọn ibi tí ẹni tí kò ní padà yóò jókòó sí. Èmi ò lè gbàgbé ìyẹn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ akin fún mi.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Ohka ni Jinrai Butai, orúkọ tó tọ́ka sí àrá àwọn òrìṣà. Ọ̀gágun Motoharu Okamura ni olórí wọn. Konoike ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú Ohka kan tí kò ní bọ́ǹbù, tí kò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ní pẹpẹ kan lábẹ́ tó fi lè wọ́ balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n já a sílẹ̀ láti òkè kí wọ́n tó kà á sí ẹni tó ti gbóṣẹ́. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni òkun ti gba tiẹ̀. Wọ́n kó 50 Ohka sínú Shinano, ọkọ̀ agbébàálù tó tóbi jù lọ láyé nígbà yẹn. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá géérégé tó wọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Archerfish fi yin tọpídò mẹ́rin sí i lára. Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ló rì.

Ó wá ku Betty. Àtàrí àjànàkú, kì í ṣerù ọmọdé. Ohka wúwo ju ìlọ́po méjì ẹrù tí wọ́n ṣe Betty fún, nítorí náà bí Betty bá ti gbé e, kò lè sá, kò lè yí, kò sì lè gòkè kíákíá. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi bàálù náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé láítà ni, torí tí ọta bá ti kan táǹkì epo rẹ̀, iná ni. Ohka fúnra rẹ̀ ò lè fò ju kìlómítà 37 lọ, kò sì sábà tó bẹ́ẹ̀. Rádà Amẹ́ríkà ń rí ohun tó jìn ju ìyẹn lọ dáadáa. Wọ́n so àṣá mọ́ ikùn ìjàpá, wọ́n ní kí ìjàpá gbé e dé ibi tí adìẹ wà.

Goro Nonaka mọ̀. Òun ni olórí àwọn tó ń wa Betty, kò sì fi pamọ́ pé òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1945, ọ̀gá àgbà Matome Ugaki pàṣẹ láti Kanoya, ní erékùṣù Kyushu, pé kí wọ́n lọ. Bàálù ogun tó yẹ kó sìn wọ́n kò tó nǹkan. Okamura rojọ́, ó ní ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì dúró; nígbà tí wọn ò gbọ́, ó ní òun fúnra òun ni yóò ṣáájú wọn. Nonaka ò gbà fún un. Kó tó gbéra, ó dárúkọ Minatogawa. Kò sí ọmọ Jàpáànì tí kò mọ̀ ọ́n: níbẹ̀ ni jagunjagun Kusunoki Masashige ti lọ jà ní ọdún 1336, ó mọ̀ pé àṣẹ olúwa òun ò bọ́gbọ́n mu, ó lọ, ó sì kú.

Betty 18 ló gbéra. Nínú àwọn bàálù tó yẹ kó sìn wọ́n, ọ̀pọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wọn daṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ́rí padà. Rádà rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn Hellcat, bàálù ogun Amẹ́ríkà, sì ti ń dúró dè wọ́n níbi tó ṣì jìnnà gan-an sí ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn Betty kan já Ohka wọn dà sínú òkun kí ara lè fúyẹ́. Kò ran nǹkan kan. Kò sí ọ̀kankan tó padà nínú Betty 18 náà. Àwọn tó kú lé ní 150, Nonaka wà lára wọn, kò sì sí Ohka kan tó fojú kan ọkọ̀. Fídíò tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò yẹn, ọjọ́ yẹn ni.

Ṣé ó wá parí síbẹ̀? Rárá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, wọ́n yí ọgbọ́n padà: wọ́n pín àwọn Betty sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ bàálù Kamikaze mìíràn, lọ sí Okinawa. Nínú wọn ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Saburo Dohi wà, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kó tó wọṣẹ́ ogun. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ń sùn sí ní Kanoya, fèrèsé rẹ̀ ti fọ́, ilẹ̀ ò ṣeé sùn. Dohi ló mú un lọ́ràn-an-yàn láti tún ibẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ tó bá ẹni tó wá sìn ín sọ ni pé òun ti béèrè fún bẹ́ẹ̀dì àti ẹní fún yàrá àwọn ojúgbà òun, kó jọ̀ọ́ bá òun wò ó bí wọ́n bá kó o dé. Ó wọ Betty, ó sì sùn lọ. Wọ́n jí i nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà Mannert L. Abele wà ní ìta Okinawa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, rádà rẹ̀ ló fi ń ṣọ́nà fún àwọn yòókù. Bàálù Jàpáànì kan tó ń jẹ́ Zero ló kọ́kọ́ forí sọ ọ́, ẹ́ńjìnnì sì kú. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà tí Ohka fi wọlé sí i lára, nítòsí ojú omi gan-an. Ọkọ̀ náà kán sí méjì, ó rì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, èèyàn 84 sì kú. Dohi ni àwọn òpìtàn gbà pé ó wà nínú Ohka náà. Betty tó gbé e délé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ò délé. Ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí ọkọ̀ náà, ní ìsàlẹ̀ òkun tó jìn ju kìlómítà kan lọ.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ohka mìíràn kọlu ọkọ̀ Stanly. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Eré rẹ̀ pọ̀ débi pé ó gba ẹ̀gbẹ́ kan imú ọkọ̀ náà wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, inú omi lọ́hùn-ún ló ti bú. Ọkọ̀ náà ń rìn lọ.

Oṣù Kẹfà ni wọ́n lo Ohka kẹ́yìn. Nínú èyí tó ju 800 tí wọ́n ṣe, ọkọ̀ tó gbá tàbí tó balẹ̀ sí nítòsí débi tó fi ṣe é léṣe kò ju bíi méje lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó yè ni Hugh W. Hadley. Awakọ̀ Ohka tó kú lé ní àádọ́ta. Ìlọ́po wọn ni àwọn tó kú nínú Betty, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún pé ikú dandan ni tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rí Ohka kan lójú yín ní musíọ̀mù RAF, ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, ní Cosford. Ẹ dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wo bí àga inú rẹ̀ ṣe fún tó.

Lẹ́yìn ogun, Miki ní òun ò ní fọwọ́ kan ohun ìjà mọ́ láé. Ó di Kristẹni, ó lọ bá àwọn tó ń ṣèwádìí rélùwéè ṣiṣẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ya bí Shinkansen yóò ṣe rí, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1964, tó ń sá eré 210 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ota ńkọ́, ẹni tó ní òun fúnra òun ni yóò gùn ún? Kò gun Ohka títí ogun fi parí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọba Jàpáànì kéde lórí rédíò pé ogun ti tán, ó gbé bàálù kan ní Konoike, ó kọrí sí òkun, kò sì padà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn òkú. Àmọ́ àwọn apẹja ti yọ ọ́ nínú omi. Ó yí orúkọ padà, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló ń ṣe jẹun torí kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn pé òun wà láyé. Ọdún 1994 ló tó kú. Lọ́jọ́ tí Shinkansen Miki kọ́kọ́ rìn, Ota wà ní Jàpáànì níbẹ̀, ó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì.