Ìdánwò oògùn tó ń sanwó: ẹ má fi irọ́ wọlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìdánwò oògùn tí wọ́n ń sanwó fún èèyàn láti kópa nínú rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ ni. Ṣé wọ́n ń san owó náà? Wọ́n ń san án. Ṣé kò séwu níbẹ̀? Ewu wà o, ohun tí ẹ bá sì fi ẹnu ara yín sọ lọ́jọ́ àyẹ̀wò wà lára ohun tó máa sọ bí ewu náà ṣe máa pọ̀ tó fún yín. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yára sọ bí ẹ ṣe máa rí i.

Ìpele-ìpele ni oògùn tuntun máa ń gbà kọjá kó tó dé ọwọ́ aláìsàn. Ní ìpele kìíní, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ara èèyàn gbà á, bó ṣe máa pẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀, àti ìwọ̀n tó ti pọ̀ jù. Àwọn tí ara wọn le ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀, bí èèyàn 20 sí 100, wọ́n sì lè ní kí wọ́n máa sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń pọ̀ níbẹ̀. Tó bá di ìpele kejì àti ìkẹta, àwọn tí àìsàn náà ń bá fínra ni wọ́n sábà máa ń wá, owó ibẹ̀ kì í sì í sábà ju owó ọkọ̀ àti ìwọ̀nba owó fún àkókò yín lọ.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: owó àkókò àti ìnira ni wọ́n ń san, kì í ṣe owó ẹ̀mí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ewu rẹ̀ ló pọ̀, òun la ṣe ń san owó ńlá", ẹ dìde níwájú ẹni náà.

Níbo lẹ ti máa wá a? Ẹ lọ sórí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ń kọ àwọn ìdánwò sí. Ilé-ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, ó sì ti wà fún gbogbo ayé láti ọdún 2000. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè mìíràn náà wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ àìsàn àti ibi tí ẹ wà, kí ẹ wá yan "Recruiting", kó lè jẹ́ àwọn tó ṣì ń gba èèyàn nìkan ló máa jáde. Tí kò bá sí àìsàn kankan lára yín, ẹ yan "Accepts healthy volunteers". Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní ICTRP, tó ń kó àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ, ilẹ̀ Áfíríkà sì ní Pan African Clinical Trials Registry. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti ClinicalTrials.gov máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT, dígíìtì mẹ́jọ á sì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun ní ìdánwò fún yín, ẹ bi í ní nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Àmọ́ o, pé ìdánwò kan wà lórí ìkànnì yẹn kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó dára. Àwọn tó ń ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ìpele kìíní kò sì ní sí níbẹ̀ rárá, torí òfin Amẹ́ríkà kò pọn ọ́n ní dandan kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn yẹn, orí ìkànnì ilé ìwádìí tó ń ṣe wọ́n àti ti ilé ìwòsàn yunifásítì lẹ ti máa rí wọn.

Ẹ Ò GBỌDỌ̀ SAN KỌ́BỌ̀ LÁTI WỌLÉ. Mo tún un sọ: kọ́bọ̀! Kò sí owó fọ́ọ̀mù, kò sí owó ìforúkọsílẹ̀, kò sí "ẹ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè bá yín di àyè mú". Àwọn ló ń san owó fún yín. Ibi tí owó bá ti ní kó ti ọwọ́ yín jáde, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa. A ti débi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Kí wọ́n tó gbà yín, àyẹ̀wò wà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọ́n á wo bí ọkàn yín ṣe ń lù, wọ́n á sì bi yín ní ìbéèrè tó máa sú yín. Oògùn wo lẹ lò láìpẹ́ yìí? Ṣé ẹ lo egbòogi? Ṣé ẹ ń mu sìgá? Ìgbà wo lẹ kópa nínú ìdánwò mìíràn kẹ́yìn? Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà. Owó ti wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì ti mọ ìdáhùn tó máa jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n á ní "rárá" síbi tó yẹ kí wọ́n ti ní "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ fojú inú wo aṣọ funfun tí aláró kan ti rì bọ inú aró tirẹ̀ lóru, tí wọ́n wá gbé e fún aláró kejì láàárọ̀ pé aṣọ funfun ni. Èyí náà rì í bọ tiẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá wá jáde pẹ̀lú àbàwọ́n káàkiri, tó sì ń ya lójú oòrùn, aró ta ni ká sọ pé ó bà á jẹ́? Aláró kejì á máa tún aró tí kò ṣe nǹkan kan ṣe. Ara yín ni aṣọ náà. Ẹ̀yin tí oògùn àná ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹ ní ẹ ò lo nǹkan kan, dókítà ò lè mọ ohun tó ń ṣe yín tí ara yín bá daná lóru. Èsì irọ́ yẹn á sì wọ inú àkọsílẹ̀ oògùn tí àwọn aláìsàn máa gbẹ́kẹ̀ lé. Inú máa ń bí mi sí i, mi ò lè fi bò.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ oògùn sí wẹ́wẹ́. Èso kan wà tí wọ́n ń pè ní grapefruit, tó jọ ọsàn, tó máa ń dí ọ̀kan nínú ohun tí ara fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, kì í sì í tán lára lọ́jọ́ kan. Oògùn tí kò fọ́ á wá pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Egbòogi kan tó ń jẹ́ St John's wort ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ó máa ń mú kí ara tètè lé oògùn jáde. Ẹ ti rí i pé "egbòogi lásán ni" kì í ṣe ìdáhùn?

Ìdánwò méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló burú jù. Àwọn ilé ìwádìí máa ń ní kí ẹ sinmi láàárín ìdánwò kan sí òmíràn, ó sábà máa ń tó oṣù kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí oògùn àkọ́kọ́ lè kúrò lára pátápátá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ TOPS tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń ti ìdánwò kan bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa mú yín. Ẹ SỌ ÒÓTỌ́! Tí wọ́n bá torí ẹ̀ dá yín padà, ìdánwò mìíràn ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé irin, ẹ fi eré ìdárayá tó le sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irin gidi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, torí iṣan tó ti rẹ̀ máa ń tú lára àwọn èròjà kan náà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n dá a padà. Ara rẹ̀ le koko o!

Ìwé ìfọwọ́sí náà wà, ìyẹn ìwé tó ṣàlàyé ìdánwò náà tí ẹ máa fọwọ́ sí pé ẹ gbà; ó yẹ kó dé ọwọ́ yín kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò kankan fún yín. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ kà á, ẹ fún ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé kà. Ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́jú yín tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti ẹni tó máa san owó ìtọ́jú náà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa san tí ẹ bá kúrò láàárín, torí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò nígbàkigbà láìsọ ìdí kankan. Iye ọjọ́ tí ẹ bá lò ló yẹ kí owó máa bá yín dé. Tó bá wá jẹ́ pé oògùn náà kò tíì wọ ara èèyàn rí, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ gbà á.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le ní oògùn kan tó ń jẹ́ TGN1412. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà láàárín ẹnì kan sí èkejì. Kí wákàtí méjì tó pé, orí ń fọ́ wọn, ara wọn ń gbóná; nígbà tó sì di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ẹ̀yà ara inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo àwọn mẹ́fà ló dé yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè. Wọ́n yè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlànà yí padà: ẹnì kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún, kí wọ́n ṣọ́ ọ, kí wọ́n tó fún ẹlòmíì.

Nínú ilé ìwádìí fúnra rẹ̀, aago ni ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún yín ní oògùn, nọ́ọ̀sì á ní kí ẹ la ẹnu, á tan iná síbẹ̀, á ní kí ẹ gbé ahọ́n sókè kó lè rí i pé ẹ gbé e mì. Wọ́n á ti ki ọ̀pá rọ́bà kékeré bọ iṣan ọwọ́ yín, torí lọ́jọ́ yẹn wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, wọ́n sì ti kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá jẹ́ aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15 ni tiyín, ẹ ti na ọwọ́ sílẹ̀ kó tó lù. Tí nǹkan bá ń ṣe yín, ì báà jẹ́ èébì díẹ̀ tàbí òòyì tó kàn fò kọjá, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Tí wọ́n bá ti dá yín sílẹ̀, wọ́n á tún ní kí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ẹ lọ, kódà tí ara yín bá le. Ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ìdánwò yẹn, kí ẹ máa fi wo ìkànnì náà títí èsì rẹ̀ á fi jáde.