Ibi Tí Ilé Gíà Ọtomátíìkì Ti Ń Là

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí gíà ọkọ̀ eré ìje bá fọ́, ohun tá a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé klọ́ọ̀ṣì wo ló jó, ṣáàfù wo ló kán. Ilé gíà, alumíníọ̀mù tó kó gbogbo wọn sínú, là ń wò bíi pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ọ́ìlì má jò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń mú tọ́ọ̀kù (agbára yíyí) 1,000 Nm wá. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, kọnfátà, ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún gíà, lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Gíà kìíní TH400, irú gíà ọtomátíìkì kan, á tún sọ ọ́ di ìlọ́po 2.48. Ó di 4,960 Nm nígbà tó bá jáde lẹ́yìn gíà. Níbo ni 3,960 tó lé ti wá? Ẹni tó ń ti ẹrù wúwo gbọ́dọ̀ rí ibi fẹsẹ̀ tì. Ara ilé gíà ni kọnfátà àti àwọn gíà inú ń fẹsẹ̀ tì, gbogbo 3,960 yẹn ló sì ń fẹ́ lọ́ ọ sódì.

Nínú TH400 tí General Motors gbé jáde ní 1964, eyín inú ilé gíà tó di ìdúró àárín (center support, irin tó gbé àwọn gíà inú ró láàárín) mú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí agbára bá pọ̀, ìdúró yìí á máa mì, á sì máa jẹ eyín náà díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì tó yẹ kó ti klọ́ọ̀ṣì á wá máa jò, klọ́ọ̀ṣì á jó, klọ́ọ̀ṣì náà la ó sì dá lẹ́bi! Ti Powerglide, gíà ọtomátíìkì mìíràn, yàtọ̀: transbrake, bíréèkì inú gíà tó ń dá ọkọ̀ dúró kó tó gbéra, máa ń di gíà ẹ̀yìn mú pọ̀ mọ́ ti iwájú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ara ilé gíà sì ni klọ́ọ̀ṣì gíà ẹ̀yìn fi eyín kọ́, òun náà ló ń gba agbára yẹn.

Àwọn kan á ní ká fi iná wẹ́ẹ̀dà jó alumíníọ̀mù kún ara ilé gíà kó lè nípọn sí i. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ilé gíà tó ti mu ọ́ìlì fún ọdún pípẹ́ máa ń hó nídìí iná, ihò wẹ́wẹ́ á kún inú rẹ̀. Ooru á sì ká ilé náà kò, ojú ihò bẹ́árìn kò ní gún régé mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá gbé e padà sórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá lówó, kó ra ilé tuntun tó nípọn, tí wọ́n fi 356-T6, irú alumíníọ̀mù líle kan, dà. Òmíràn nínú wọn kúnjú ìwọ̀n SFI 4.1, ìlànà ààbò fún gíà ọkọ̀ eré ìje, tí kò fi nílò aṣọ ààbò. (Aṣọ ààbò kì í fún ilé gíà lókun o, àfọ́kù ló ń gbà, kó má ba ẹsẹ̀ awakọ̀.)

Ọkọ̀ tó ń gun àpáta ní wàhálà tirẹ̀. Táyà tó ń yí lófuurufú á já lulẹ̀ lójijì, agbára òjijì náà á sì bá ibi tí transfer case (àpótí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn) ti so mọ́ gíà. Síbẹ̀, lójú tèmi, síìtì líle (síìtì ni ohun tí ẹ́ńjìnnì àti gíà jókòó lé lára ṣáásí) ló ń fọ́ etí ilé gíà jù. Ṣáásí máa ń lọ́. Bí síìtì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà bá jẹ́ irin lásán, ilé gíà ni yóò gba lílọ́ náà. Ẹ lè fi irin síwájú, ṣùgbọ́n kí ti gíà jẹ́ rọ́bà tàbí polyurethane. Ẹ yẹ èyí wò kẹ́ ẹ tó náwó sórí ilé tuntun, torí òun náà á là bí síìtì bá ṣì gan.